Ọdẹ́ṣínà àti Ilé Ìlagi Tí Ebi Ń Pa

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán báyìí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa run ẹ̀pà sí mi létí nígbà tí mo bá wọ inú igbó iwin. Èmi Ọdẹ́mákin ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n nítorí pé mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu aáṣáà símú. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n yẹn kò ráyè rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́ṣínà ará Òkè-Arère, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, tó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀ tí kò ní dún. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì fi ojú ara mi rí irin ìbọn rẹ̀ tí nǹkan gé jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó dìde, kó máa lọ sílé. Òjò ń dúró dè é níta.

Ní ọdún náà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ẹ̀fúùfù kan jà ní Òkè-Arère. Ó ṣí òrùlé ilé Ọdẹ́ṣínà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo igi òrùlé náà dáadáa, wọ́n rí i pé ikán ti jẹ inú rẹ̀ tipẹ́, èèpo lásán ló kù. Páànù ṣì ṣeé nà, igi ni kò sí. Ọdẹ́ṣínà àti ìyàwó rẹ̀, Moróunkẹ́jì, fi màrìwò bo igun kan, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Ọdẹ́ṣínà, ìyá àgbà Wúràọlá, kò lè sun irú ibẹ̀ yẹn mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé aládùúgbò wọn kan.

Wọn kò fi ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀ rárá. Oúnjẹ ń wá, omi gbígbóná ń wá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀, ó fi oríkì pè é.

"Àkànó," ó ní, "ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe dáadáa sí mi, ìyẹn gan-an ló ń sú mi. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọpẹ́ ni mò ń dá. Ọmọ mi, ọpẹ́ a máa rẹ arúgbó. Òjò ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíì."

"Ìyá mi, kò ní bá yín níbẹ̀," Ọdẹ́ṣínà dáhùn. Ó jáde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ tó ti pa ẹkùn méjì ni o. Àwọn àgbà tó mọ ojú ọ̀run wò ó, wọ́n ní òjò ńlá yóò dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò ní yẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Igi kì í ṣe ìṣòro Ọdẹ́ṣínà. Bàbá rẹ̀ fi igi arère mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún un nínú igbó ìdílé wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn, ọkùnrin méjì kò lè fọwọ́ gbá a yí ká. Ẹni tí yóò là wọ́n sí pákó ni kò sí. Bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń rò ó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Láwuyì dé. Láwuyì yìí, tí ẹ bá fún un ní ẹyin kan, yóò bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọgbà adìyẹ títí ẹyin náà yóò fi bàjẹ́.

"Kí lo ń dààmú sí?" Láwuyì ní. "Ra ilé ìlagi! Sọ́míìlì odindi! Mo gbọ́ pé ọ̀kan wà fún títà ní ìkọjá Igbó Kùkùté. Tí o bá rà á, wàá la igi tìẹ, wàá la ti gbogbo ìlú, gbogbo ayé yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

Moróunkẹ́jì ń ṣa ata gbígbẹ tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Kò gbójú sókè. "Bàbá Àwẹ̀ró," ó ní fún ọkọ rẹ̀, "ilé kan la fẹ́ bò. Ẹni tí òùngbẹ ife omi kan ń gbẹ kì í lọ ra odò. Ẹ wá alayùn alágbèéká, àwọn tó ń gbé ayùn lé èjìká, tí wọ́n ń lọ bá igi níbi tí igi wà. Yóò là á, yóò jẹun, yóò lọ."

"Tó bá lọ tán, ọjọ́ mìíràn ńkọ́?" Láwuyì bi í.

"Ọjọ́ mìíràn, a ó tún pè é. Ṣé ilé rẹ̀ jóná ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, nítorí àgbà kì í ṣèké. Ilé ìlagi náà wọ ọ̀gá mi lójú. Láti ìgbà tó ti dáyé, ìbọn kan àti àpò awọ kan ló ní, ẹran ló sì ń lé kiri. Ó wù ú kí òun náà jókòó síbì kan, kí nǹkan máa wá bá òun. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ojú lọ̀rọ̀ wà. N ó lọ fi ojú ara mi wo ilé ìlagi náà. Tí kò bá dára, n ó wá alayùn bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì di ọ̀yà gbígbẹ sínú àpò rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Ẹ má bi mí pé ọ̀nà wo ló gbà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Igbó Kùkùté kì í sọ ọ́, ẹni tó bá ń sọ ọ́ kò dé ibẹ̀. Igbó náà kò ní igi kan tó dúró. Kùkùté ni gbogbo rẹ̀, títí ojú fi sú u láti wò, kùkùté kọ̀ọ̀kan sì ní ojú, ó ní ẹnu, ó ní irùngbọ̀n olú. Bí Ọdẹ́ṣínà ṣe gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, gbòǹgbò yọ láti inú ilẹ̀, ó lọ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kùkùté tó dàgbà jù nínú wọn la ẹnu.

"Àlejò, mo ní bàbá kan," ó ní. "Nígbà tó wà láàyè, ẹyẹ ń sùn lé e lórí. Nígbà tó kú, èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ta ni?"

Ọ̀gá mi kò ronú lọ títí. Òrùlé ló kúkú wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. "Igi ni," ó ní. "Nígbà tó kú, wọ́n fi í ṣe òrùlé."

Gbòǹgbò tú ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ kejì. "Kí ló ń jẹun láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí kì í sanra, tó ń tú oúnjẹ rẹ̀ dà sílẹ̀, tó sì ń pariwo pé ebi ń pa òun?"

Ọdẹ́ṣínà ronú. Ó ro iná, ó ro ọkọ́, ó ro ìyàwó Láwuyì. Ó ní, "Iná ni."

Gbogbo kùkùté inú igbó náà bú sẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ń mì. "Iná a máa sùn," kùkùté àgbà ní. "Eléyìí kì í sùn. Ọmọ, o ò mọ̀ ọ́n, a ò sì ní pa ọ́ nítorí ìyẹn. Máa lọ. Ibi tí ò ń lọ ni wàá ti mọ̀ ọ́n." Gbòǹgbò tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, nígbà mìíràn, ìyọ́nú iwin a máa ba èèyàn lẹ́rù ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ariwo ilé ìlagi náà kó tó rí i. Ìlú Àìsinmi ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìyẹ̀fun igi ga ju ilé lọ ní ọ̀tún àti òsì ọ̀nà, pákó tò jọ lẹ́yìn ìlú bí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ilé àwọn ará ìlú, kò sí ilẹ̀kùn kan lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àpótí ìjókòó, kò sí odó. Tọkùnrin tobìnrin ń ru ìtì igi lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó kí i. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ilé ìlagi náà wà, ayùn rẹ̀ ń yí bírí bírí, eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Ọkùnrin gàgàrà kan jókòó tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín nítorí àìrìn. Orúkọ rẹ̀ ni Ajókòólagi.

Inú ọ̀gá mi dùn o! Ó rí bí ìtì igi kan ṣe wọlé lódindi tó sì jáde ní pákó mẹ́rìnlélógún, ó tẹ́jú, ó ń ta sánsán. Ó ń fojú inú rí ilé ìyá rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń ta nǹkan yìí. Èló ni?"

"Ọgọ́rùn-ún màlúù," Ajókòólagi dáhùn.

Ọ̀gá mi kò ní ewúrẹ́ kan. Àárẹ̀ bá a lọ́kàn. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé alayùn alágbèéká ló kù tóun máa wá. Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tó ṣe, irú èyí tí gbogbo wa ń ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá bèèrè iye ọjà, kò ní ṣàdédé yí ẹ̀yìn padà bí ẹni tó bú ọlọ́jà. Yóò ná an. Tí kò bá sì fẹ́ rà á, yóò dá iye tó mọ̀ pé ọlọ́jà kò lè gbà láéláé, kí ọlọ́jà lè lé e, kí oníkálùkù sì máa lọ ní àlàáfíà. Ohun tí Ọdẹ́ṣínà ṣe nìyẹn. Ó gbọn àpò rẹ̀ wò, ó ní, "Bàbá, n ó san àpò yìí, pẹ̀lú ọ̀yà gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀." Ó ti ń múra láti lọ.

"Ó gbà!" Ajókòólagi pariwo. "Mo ti tà á! Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí, mo ti tà á!" Ó já àpò náà gbà, ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ó ń fi ìdí wọ́ jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ Jímọ̀, má rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ná ọlọ́pọ̀lọ́ lọ́jọ́sí, tó gbà, tó o sì gbé ọ̀pọ̀lọ́ wálé? A kì í ná ọjà kó gbà ká sá lọ. Ọmọ kékeré yóò fi ẹni náà kọrin. Ọdẹ́ṣínà dúró, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ayùn náà sì yí ojú sí i.

"Ọ̀gá tuntun," ilé ìlagi ní, "ẹ kú àbọ̀. Ebi ń pa mí."

Ìgbà yẹn ni ìdáhùn àlọ́ kùkùté yé e: ilé ìlagi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Tí ìtì kan bá wọlé, kó tó jáde, ó ti ń bèèrè òmíràn. Tí ó bá sinmi díẹ̀, ilé ìlagi á na ọwọ́ irin rẹ̀, á wá igi tó bá sún mọ́ ọn jù. Ohun tó sọ ilé àwọn ará ìlú di aláìnílẹ̀kùn nìyẹn, ohun tó sì mú wọn máa ru igi tọ̀sán tòru nìyẹn, kó má baà kan ibùsùn wọn. Ní ọjọ́ kẹta tó ti dé ibẹ̀, oorun gbé ọ̀gá mi lọ ní ìṣẹ́jú kan péré. Nígbà tó jí, ìdí ìbọn rẹ̀ ti lọ, irin nìkan ló kù, ilé ìlagi sì ti gé ìyẹn náà jẹ díẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé tiyín ni," ilé ìlagi ní. "Ẹ má bínú. Ebi ń pa mí."

Pákó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ilé, ọ̀gá mi kò sì lè gbé ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tó ti wà níbẹ̀, tí í ṣe ọjọ́ kọkànlá láti ìgbà tó ti kúrò nílé, ó jókòó sórí ìyẹ̀fun igi, ó sunkún kíkan kíkan. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó ní, "Mo wá wá òrùlé fún ìyá mi, mo wá di ẹrú ohun tí mo rà." Ìbànújẹ́ yẹn pọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kúkúrú kan fi ń kọjá lọ. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, nítorí ayùn gígùn kan tó gbé lé e. Ó ń súfèé. Arìnlagi ni orúkọ rẹ̀, alayùn alágbèéká tí gbogbo igbó iwin mọ̀.

"Ẹ dákun, ẹ dúró!" Ọdẹ́ṣínà pè é. "Ẹ bá mi lọ sílé, ẹ bá mi la igi."

Arìnlagi wò ó, ó wo ilé ìlagi. "Ẹni tó ní àgbò tó báyìí nílé, kí ló fẹ́ fi ọmọ ewúrẹ́ mi ṣe? Mi ò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onísọ́míìlì. Ìwọ ti rajà, ọjà rẹ ti parí."

"Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ mọ́! Ẹ jẹ́ kí n mú nínú pákó wọ̀nyẹn lọ, ẹ bá mi rù ú."

"Nínú Igbó Kùkùté ni wọ́n ti gé igi wọ̀nyẹn. O rò pé àwọn kùkùté yóò jẹ́ kí o ru òkú ọmọ wọn kọjá lójú wọn? Àwọn ará ìlú tó fi orí rù ú wá ló tọ́ sí." Arìnlagi gbé ayùn rẹ̀ ró dáadáa. "Tí ọjà bá ti parí, ó ti parí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́ṣínà létí, ó sì dúró síbẹ̀. Ṣé ọjà náà ti parí lóòótọ́? Ó rántí Moróunkẹ́jì nídìí ata rẹ̀. Tí ẹni tó ra ata bá san gbogbo owó tán, kì í tíì lọ. Yóò na ọwọ́. Moróunkẹ́jì yóò sì tún bu díẹ̀ kún un, tọ̀yàyà tọ̀yàyà, nígbà yẹn ni ọjà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ọ̀gá mi fò sókè. "Èènì!" ó pariwo. "Kò tíì fún mi ní èènì!"

Gbogbo àwọn tó ń rugi dúró. Obìnrin arúgbó kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣùká, òun ni olórí àwọn arugi. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹ lọ mú Ajókòólagi wá."

Kò jìnnà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, kò tíì kọjá ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n gbé e dé, ó di àpò ọdẹ mọ́ àyà.

"Ajókòólagi," Ìyá Ọlọ́ṣùká ní, "o tajà fún ọmọ ọlọ́mọ, o ò ṣe èènì."

"Kò burú, n ó ṣe é," Ajókòólagi dáhùn kíá. "Kó mú gbogbo ìyẹ̀fun igi tó wà nílẹ̀ yìí."

Ọdẹ́ṣínà ní, "Ẹni tó ra ata, ṣé iyọ̀ ni wọ́n ń bù ṣe èènì fún un? Irú ọjà tí a bá rà ni a fi ń ṣe èènì rẹ̀. Ilé ìlagi ni mo rà. Ẹ fi ilé ìlagi kékeré kan kún un fún mi."

Àwọn ará ìlú hó yèè. Ajókòólagi wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé wọ́n fún èmi ní èènì nígbà tí mo rà á ni?" ó bú sẹ́kún. "Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, èmi náà ń kọjá lọ ni. Mo ní n ó san filà orí mi. Ọkùnrin náà gbà, ó sì sá lọ!"

Ìyá Ọlọ́ṣùká fọwọ́ lé ìbàdí. "Ó sá lọ," ó ní. "Ẹni tó tà á fún òun náà sá lọ. Ọlọ́jà márùn-ún ni mo ti rí nídìí ẹ̀rọ yìí, gbogbo wọn ló tà á pẹ̀lú eré, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dúró ṣe èènì. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí mi, kò sì fi ọmọ sáyé. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí mo dá. Ọjà tí kò ní èènì kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ọkùnrin yìí kò ra nǹkan kan. Ajókòólagi kò ra nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ni ín."

Ilé ìlagi náà gbọ́. Ayùn rẹ̀ dẹ eré díẹ̀. "Ta wá ni ọ̀gá mi?" ó bèèrè.

Ọdẹ́ṣínà di ẹnu rẹ̀ mú gírígírí, kó má baà ṣèèṣì sọ nǹkan kan tó jọ iye.

"Ebi ń pa mí," ilé ìlagi tún wí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ayùn yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró. Ẹ̀yin èèyàn, àwọn ọmọ kan wà nílùú yẹn tí wọn kò gbọ́ ohùn ẹyẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Wọ́n di ìyá wọn mú, wọ́n ń bèèrè pé kí ló ń ké. Àwọn ìyá kò lè dá wọn lóhùn, nítorí ẹkún ayọ̀ ni wọ́n ń sun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń fa pákó láti ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, Ajókòólagi jókòó láàárín wọn, ó ń bá wọn di ìṣó mú. Ó dá àpò padà fún ọ̀gá mi. Ọ̀yà inú rẹ̀ ti tán o, egungun ló kù, ọ̀gá mi kò sì bá a jà.

"Ó dáa," Arìnlagi ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí ilé bá jẹ ni mo máa ń jẹ. Pákó mẹ́wàá, ọ̀kan jẹ́ tèmi. Tí iṣẹ́ bá tán, mo ti lọ nìyẹn, ẹ má pè mí síbi àsè."

"Mo gbà," ọ̀gá mi ní. Lẹ́yìn náà ló rọra na ọwọ́. "Èènì ńkọ́?"

Arìnlagi rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi gbọ̀n. Ó ní òun yóò fi ọ̀nà ẹ̀bùrú hàn án. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi dé Òkè-Arère, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù kí òjò dé.

Wọ́n kọjá sínú igbó ìdílé tààrà. Igi arère mẹ́sàn-án dúró níbẹ̀, ewé wọn ń dún. Ọdẹ́ṣínà wò wọ́n, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ẹ̀dá èèyàn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n! "Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wá," ó ní, "ẹ kúkú la gbogbo rẹ̀. A ó ta èyí tó bá ṣẹ́kù."

Arìnlagi kò tíì gbé ayùn sọ̀kalẹ̀. "Ta ni yóò sùn sábẹ́ pákó náà?"

"Ìyá mi."

"Ìyá mélòó lo ní?"

"Ọ̀kan ni."

"Ká sọ pé igi méjì lè bo ilé ìyá kan. Kí lo fẹ́ sọ fún méje tó kù tí wọ́n bá bi ọ́?"

Ọ̀gá mi yíjú sí àwọn igi náà. Ó wo igi kẹta, igi tó rẹwà, tó gùn gbọrọ. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ń yún òun. "Méjì," ó ní. "Méjì tó."

Arìnlagi wá sọ ayùn kalẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò sábẹ́ ìtì igi àkọ́kọ́, ó ní kí Ọdẹ́ṣínà wọ inú rẹ̀, kó di ìsàlẹ̀ ayùn mú, òun fúnra rẹ̀ gun orí igi. Bí ti òkè ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀ ń fà. Ìyẹ̀fun igi bo ojú ọ̀gá mi, ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn ro ó, ó sì dùn mọ́ ọn. Moróunkẹ́jì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè dé, ó rí ọkọ rẹ̀ nínú kòtò, funfun bí egúngún ẹlẹ́fun. Kò bi í nípa ilé ìlagi. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́," ó sì fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá mi tún sunkún.

Gbogbo àdúgbò ṣe ọ̀wẹ̀ fún un. Wọ́n ru pákó láti inú igbó wá sílé pẹ̀lú orin, Láwuyì wà níwájú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fetí sílẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti ní kó pe alayùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún, ìṣó tó kẹ́yìn wọlé sórí páànù. Nígbà tí wọ́n wá Arìnlagi kí wọ́n bu ẹmu fún un, wọn kò rí i mọ́. Ó ti mú pákó tirẹ̀, ó ti lọ, wọ́n ń gbọ́ ìsúfèé rẹ̀ lókèèrè lójú ọ̀nà.

Wọ́n gbé ìyá àgbà Wúràọlá wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá rẹ̀, sórí ibùsùn tuntun. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tó lè wó ògiri. Ẹyọ ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sínú yàrá náà. Ìyá àgbà di ojú, ó dákẹ́ lọ gbári. Ìpayà bá wọn. Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́ṣínà, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láwuyì ṣí filà. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti délé. Ẹ máa sinmi. Ẹ sùn ire o."

Arúgbó la ojú kan. Ó wò wọ́n yí ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?" ó ní.

Láwuyì fi filà pamọ́ sẹ́yìn.

"Àkànó, ilé ni mo ní kí o bò fún mi, mi ò ní kí o sin mí. Gbé filà yẹn dé, Láwuyì, orí rẹ kò dára láti wò. Kí ẹnì kan sáré lọ pe obìnrin tí mo sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń jò, mo mọ ibi tó ti ń jò. Kó wá sùn níhìn-ín, kí òun náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò nínú yàrá náà, gbogbo òjò tó bá rọ̀, ó ń gba àlejò. Ibi tí mo bá a dé nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwọ Jímọ̀, gbé ẹ̀pà tó kù wá.